Skútà abẹ́ omi wo ló yẹ ẹni tó ń wẹ̀ láti etíkun?

Ará Ẹ̀pẹ́ (Fort Lauderdale)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ náwó, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ná an.

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n wọ abẹ́ òkun. Ìgbà 37 ni mo ti wọ̀ ọ́. Etíkun Lauderdale-by-the-Sea ni mo ti wọ èyí tó pọ̀ jù, torí àpáta iyùn ibẹ̀ kò jìnnà sí yanrìn, èèyàn á kàn rìn wọ omi ni, kò nílò ọkọ̀. Ìwé àṣẹ tí mo ní kò kọjá mítà 18. Ìyàwó mi náà gba tirẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Orúnkún mi òsì ló ń dà mí láàmú. Ìdí bọ́ọ̀lù ni mo ti ṣèṣe nígbà tí mo wà nílé ìwé gíga. Ó ti jinná, àmọ́ bí mo bá fi bàtà ìwẹ̀ gbá omi fún ìṣẹ́jú 40, lọ́jọ́ kejì n kì í lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi irin mú. Mo wá rò ó pé skútà abẹ́ omi, ẹ̀rọ tí èèyàn ń dì mú tí fáànù rẹ̀ ń fà á lọ, á gbà mí lọ́wọ́ wàhálà yẹn.

Ohun kejì ni òkú ọkọ̀ SS Copenhagen. Ọkọ̀ èédú ni, Havana ló ń lọ lọ́dún 1900 tó fi fi ìdí sọ àpáta níbí. Ó wà ní nǹkan bíi kìlómítà kan lé díẹ̀ sí etíkun, omi ibẹ̀ ò sì jìn ju mítà 5 sí 9 lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá dúró lórí yanrìn ni mo máa ń wo ọ̀kánkán ibẹ̀. Ó wù mí kí n tibẹ̀ yẹn wọ omi, kí skútà gbé mi dé ibẹ̀, kó sì gbé mi padà.

Mẹ́ta ni mo ti ń wò. Àkọ́kọ́ ni Sublue kékeré tó ní fáànù méjì, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó lè wọ omi jìn dé mítà 40. Ìkejì ni Blacktip tí Dive Xtras ń ṣe, bátìrì dírílì ló ń lò. Ìkẹta ni Suex ti Ítálì, owó tirẹ̀ ju agbára mi lọ, ojú ni mo fi ń jẹ ẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là ló wà lọ́wọ́ mi. Mo sì fẹ́ gbé e lọ sílé ní Kérésì kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí i. Èwo ni kí n mú?

Yèyé Òkun (Pompano Beach)

Ará Ẹ̀pẹ́, ẹ káàbọ̀. Aládùúgbò mi lẹ jẹ́, omi kan náà là ń wọ̀.

Mo ti ní irú kékeré oní-fáànù-méjì yẹn rí, ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi lò ó. N ò ní bú u. Ó fúyẹ́, ó ń wọ inú báàgì, àwọn ọmọ mi ń fi ṣeré lójú omi títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àmọ́ ọjọ́ tí mo gbé sílíńdà pọ̀n tí mo sì wọ jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́, tí tọ́ọ̀ṣì àti gbogbo ẹrù mi so mọ́ mi lára, ó dà bí ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere bá gbé àpò sìmẹ́ńtì. Ó ń lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹnìkejì mi tó ń fi ẹsẹ̀ wẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì mí gúlegúle.

Ohun tó mú mi tà á ni apá. Iwájú ojú lẹ máa di irú yẹn mú sí, apá yín méjèèjì ni yóò sì máa fà yín. Tó bá tó ìṣẹ́jú 15, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Àwọn tó rí bíi tọ́píìdò (bọ́ǹbù gígùn tó ń sáré lábẹ́ omi), irú Blacktip àti Suex, okùn ìfà ni wọ́n ní: ẹ óò fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ irin tó wà níwájú ìgbànú àárín itan, ìbàdí yín ni ẹ̀rọ yóò máa fà, ọwọ́ kan ló kàn ń darí rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò kéré. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ má jẹ́ kó tún lọ fi èjìká kún un.

Oníná (Leicester)

Ẹ kú iṣẹ́ mà, Yèyé Òkun. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ.

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, nítorí náà bátìrì ni màá bá ẹ̀gbọ́n wa sọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo eré tó ga jù lọ tí wọ́n kọ sára páálí. Omi kì í ṣe afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ní kí skútà sá eré tó jẹ́ ìlọ́po méjì, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ agbára ni yóò jẹ nínú bátìrì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan náà fi lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ní gíà ìsàlẹ̀, tí kò sì ní lò tó ìṣẹ́jú 15 bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "ìṣẹ́jú 60", ẹ bi wọ́n pé ní gíà wo.

Èmi ò kọjá gíà àárín rí. Stoney Cove ni mo ti máa ń wẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan tí omi wá kún. Lásìkò ọ̀gìnnìtìn, omi ibẹ̀ kì í ju digirí 6 lọ. Bátìrì tó ń gbé mi fún ìṣẹ́jú 70 lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn máa ń já wálẹ̀ gan-an nínú òtútù yẹn. Ní Florida, ìyẹn ò kàn yín, àmọ́ bátìrì tó ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kódà nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Òfin tí wọ́n kọ́ wa ni ìdá mẹ́ta: ẹ fi ìdá kan lọ, ẹ fi ìdá kan bọ̀, ẹ má fọwọ́ kan ìdá kẹta. Kìlómítà 1.2 ni ẹ fẹ́ lọ. Bí skútà bá ń gbé yín ní mítà 40 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 30 ni àlọ, ìṣẹ́jú 30 ni àbọ̀. Bátìrì tó lè lo ìṣẹ́jú 90 ní gíà yẹn gan-an ló yẹ yín. Sublue kékeré ò lè ṣe é. Blacktip lè ṣe é, tí ẹ bá ra bátìrì ńlá sí i.

Ní ti Suex, àwọn ará Ítálì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, ọmọ ogun ojú omi wọn mẹ́fà gun ẹ̀rọ mẹ́ta tó dà bíi tọ́píìdò wọ èbúté Alexandria lóru, wọ́n sì ba ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì jẹ́, Queen Elizabeth àti Valiant. Inú mi máa ń dùn láti rántí pé látinú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni eléyìí tí a fi ń wo ẹja ti wá.

Àgbà Òmùwẹ̀ (Houston)

Ará Ẹ̀pẹ́, ọmọ mi, mo kí ọ. Ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ abẹ́ omi fún àwọn elépo, láti Escravos títí dé Gulf of Mexico níbí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọ́: bí skútà bá kú síbi òkú ọkọ̀ yẹn ńkọ́?

Ká ṣírò ó. Sílíńdà alumíníọ̀mù tí gbogbo yín ń lò níbẹ̀, lítà 11 ni inú rẹ̀. Bí wọ́n bá kún un dé bar 200 (bar la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó nínú sílíńdà), lítà afẹ́fẹ́ 2,200 ló wà níbẹ̀. Ká ní o ń mí lítà 20 láàárín ìṣẹ́jú kan lójú omi. Fi mítà 10 ṣírò kó lè rọrùn: ìfúnpá níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ojú omi, nítorí náà lítà 40 lo máa mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 30 tí skútà fi gbé ọ lọ ti jẹ lítà 1,200. Ó ku 1,000. Bar 50 tí a kì í fọwọ́ kàn jẹ́ lítà 550. Ó wá ku 450. Ìyẹn ò ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wẹ̀ dáadáa á rìn tó mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, mítà 220 ni afẹ́fẹ́ rẹ yóò gbé ọ dé. Ó ṣẹ́ ku kìlómítà kan gééré tí o máa wẹ̀ lójú omi, pẹ̀lú sílíńdà lẹ́yìn, pẹ̀lú skútà tó ti kú lọ́wọ́, ìṣàn omi tó ń lọ síhà àríwá sì ń gbá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúnkún wo lo fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́?

N ò sọ èyí láti bà ọ́ lẹ́rù. Orúnkún rẹ ló mú ọ wá ra skútà, orúnkún yẹn náà ni yóò gbé ọ délé lọ́jọ́ tí skútà bá dákẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ lè gbé ọ padà láti ibẹ̀ ni kí skútà gbé ọ dé, kó má kọjá ibẹ̀. Tí o bá ti fi ìyẹn sọ́kàn, ìwọ̀n ẹ̀rọ tó yẹ ọ́ á hàn sí ọ fúnra rẹ̀.

Ohun kejì, etí àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wẹ̀ kì í sábà ṣèèṣì yára gòkè. Skútà lè gbé ọ láti mítà 10 dé ojú omi láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, torí mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú kan ni a ń gòkè. Láàárín mítà 10 yẹn, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ yóò di ìlọ́po méjì. Bí o bá sé èémí, yóò ya ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mo ti bá wọn gbé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ sókè rí, ọmọ ọdún 26, kò rí ọ̀rọ̀ sọ títí wọ́n fi gbé e wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú irú rẹ̀. Nítorí náà, tí o bá fẹ́ gòkè, tú ìka kúrò lórí bọ́tìnnì, so skútà mọ́ ara rẹ, kí o fi ẹsẹ̀ gòkè.

Ará Ẹ̀pẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ìṣírò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún fi bírò ṣe é fúnra mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló jáde.

Kí n má purọ́, ó dùn mí díẹ̀. Ṣé kí n gbàgbé Copenhagen nìyẹn? Tí n ò bá sì lọ síbẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ fi skútà ṣe?

Yèyé Òkun

Kí ló dé tẹ́ ẹ máa gbàgbé rẹ̀? Ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ pẹ̀lú skútà yín, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sórí òkú ọkọ̀ gan-an. Àwókù rẹ̀ fọ́n ká sórí àpáta, ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ wẹ̀ kì í rí gbogbo rẹ̀ tán kó tó rẹ̀ ẹ́. Skútà á gbé yín yí i po lẹ́ẹ̀méjì, ọkọ̀ yín á sì wà lórí yín, kò ní jìnnà. Bó bá kú, ẹ kàn gòkè ni. Àwọn ọjọ́ tó kù, ẹ lò ó lórí àpáta iyùn tó wà nítòsí etíkun, ẹ gbà á lọ, gbà á bọ̀, kí orúnkún sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àsíá. Òfin Florida ni pé kí àsíá òmùwẹ̀ wà lókè, kí ẹ má sì jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ lójú agbami, tàbí 100 ní ẹnu odò àti ojú ọ̀nà ọkọ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ wẹ̀ lè so àsíá mọ́lẹ̀ kó máa yí i ká. Ẹni tó ní skútà á ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 300 kó tó mọ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ máa wọ́ ọ tẹ̀ lé yín. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí okùn àsíá ni ohun àkọ́kọ́ tí fáànù máa ń wá. Orí róòlù ni tèmi máa ń wà, ọwọ́ òsì ni mo fi ń dì í mú, mo máa ń na ọwọ́ yẹn sókè sẹ́yìn bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́. Skútà ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Okùn tó bá dẹ̀, mo máa ń dúró ká a kí n tó tún tẹ bọ́tìnnì. Ẹ má so ó mọ́ ara yín láé. Bí ọkọ̀ bá kọ́ ọ, yóò gbé yín lọ.

Ìyàwó Ará Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni ìyàwó tó ń sọ. Ó ti ka gbogbo nǹkan yìí sí mi létí láti ìrọ̀lẹ́.

Ìbéèrè tèmi kúrú. Skútà kan ló fẹ́ rà. Èmi ni ẹnìkejì rẹ̀ lábẹ́ omi. Bí ẹ̀rọ bá ń gbé e lọ ní mítà 40, tí èmi sì ń fi ẹsẹ̀ rìn ní 20, ta ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí nǹkan bá ṣe mí? Omi ọ̀hún kì í mọ́ dé ibi tí mo máa fi rí i bó bá ti lọ ju mítà 15 lọ.

Àgbà Òmùwẹ̀

Ìyàwó wa, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi í ṣáájú èyí tí mo bi í nìyẹn.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Tí skútà bá jẹ́ kan láàárín ẹni méjì, ẹni tó yára ti fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ ẹnìkejì mọ́. Méjì ni, tàbí kí ẹ má rà. Kí méjèèjì sì jẹ́ irú kan náà, kí eré wọn dọ́gba. Ẹni tó bá lọ́ra jù ni kó máa wà níwájú, ẹnìkejì á tẹ̀ lé e ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn pátápátá, torí ẹni tó wà níwájú kì í gbọ́ ohun tó ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ bí fáànù bá ń dún.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn. Bí ọ̀kan bá kú, ẹni tí tirẹ̀ kú á so ó mọ́ ìbàdí, á di okùn ìfà ẹnìkejì mú tàbí irin ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á sì jọ lọ sílé lórí ẹyọ kan. Eré wọn á dínkù. Ìyẹn ni ìdá kẹta bátìrì tí Oníná sọ wà fún.

Ọmọ mi, owó rẹ kò tó méjì tó dára. Mo mọ̀. Kọ́kọ́ háyà.

Ọmọ Èkó (Ajah)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí Kérésì tẹ́ ẹ ń sọ yẹn. Ẹ má gbé e wá fún ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà wa kì í ṣe Florida. Èmi ń bá àwọn tó ń kó yanrìn ṣòwò. Ẹ ti rí wọn: wọ́n á fi àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bu yanrìn kún korobá nísàlẹ̀, wọ́n á sì gbé e gòkè sínú ọkọ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Ojú ò ríran níbẹ̀. Bí ẹ bá na ọwọ́ síwájú, ẹ ò ní rí ìka yín.

Àwọ̀n àwọn apẹja ń bẹ káàkiri, igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ń bẹ, ewéko tó ń léfòó sì ń kó wọlé láti orí odò. Gbogbo ohun tí fáànù ń wá láti yí mọ́ra ló wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá máa fi han àwọn ọmọ, ẹ lọ sí ibi ìwẹ̀ ọ̀tẹ́ẹ̀lì kan.

Oníná

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bàálù kún èyí tí Ọmọ Èkó sọ, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Òfin bàálù kì í wo bí skútà ṣe tóbi tó, Wh ni wọ́n ń wò, ìyẹn wọ́ọ̀tì-wákàtí, àpapọ̀ agbára tí bátìrì lè gbà. Ẹ ṣe fóltì rẹ̀ ní ìlọ́po Ah rẹ̀ (áńpíà-wákàtí), wọ́n máa ń kọ méjèèjì sára bátìrì. Bí bátìrì kò bá kọjá 100 Wh, ẹ lè gbé e. Láti 100 dé 160, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù náà ṣáájú, méjì péré sì ni ti àpọ̀jù tí wọ́n á gbà. Tó bá kọjá 160, èrò ò gbọ́dọ̀ gbé e wọ bàálù rárá. Bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ, inú báàgì ọwọ́ ló ń wà, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù ìsàlẹ̀. Kí ẹ lẹ téépù mọ́ ẹnu irin rẹ̀.

Bátìrì dírílì fóltì 18 tó jẹ́ 5 Ah, 90 Wh ni, wọ́n á jẹ́ kí ẹ gbé e. Èyí tó jẹ́ 9 Ah jẹ́ 162. Ó fi 2 péré kọjá, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa irú Blacktip nìyí: ẹ lè gbé ẹ̀rọ náà lásán, kí ẹ ra bátìrì dírílì níbi tí ẹ bá dé. Bátìrì ẹ̀rọ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bó bá kú lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é nìkan lẹ ti máa rí òmíràn, tó bá ṣì ń ṣe é.

Ẹ má fi ṣájà sínú yàrá tí ẹ ń sùn. Bí omi iyọ̀ bá ti kan inú bátìrì, ẹ má fi iná sí i mọ́, ẹ gbé e síta, kó jìnnà sí ilé. Ẹ má kún un tán kí ẹ tó gbé e pamọ́ fún oṣù mélòó kan. Ìdajì ni kó wà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti ìwọ̀n. Omi òkun wúwo ju omi dídùn lọ ní nǹkan bíi 2.5 nínú 100. Skútà tó dúró jẹ́ẹ́ nínú omi wa níbí, tó jẹ́ kìlógíráàmù 20, á máa léfòó nínú òkun yín pẹ̀lú ìdajì kìlógíráàmù. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ fi ọwọ́ kan tẹ ìdajì kìló mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40 kẹ́ ẹ rí i. Nítorí náà, ẹ wọn tiyín nínú òkun gan-an, kì í ṣe nínú ibi ìwẹ̀ ilé.

Ará Ẹ̀pẹ́ (ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin ará, mo padà dé, mo ní ìròyìn.

A háyà méjì, onítọ́píìdò, irú kan náà. A kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ PADI (àjọ tó ń kọ́ àwọn òmùwẹ̀) lórí rẹ̀, wíwọ omi ẹ̀ẹ̀méjì ni. Èmi àti ìyàwó mi jọ ṣe é. Ọjọ́ kìíní, okùn ìfà mi gùn jù, skútà lọ jìnnà síwájú mi, apá mi sì nà gbọnrangandan bí ti ẹni tó ń na nǹkan sórí àjà. Olùkọ́ wa ká a wálẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbọ̀nwọ́ mi tẹ̀ díẹ̀, ìbàdí mi ló ń fà, mo sì kàn ń fi ọwọ́ ọ̀tún darí orí rẹ̀ bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú. Mo rántí Yèyé Òkun níbẹ̀.

Mo ṣe àṣìṣe kan. Ẹja ńlá kan kọjá lábẹ́ mi, mo sì yí skútà tẹ̀ lé e láìrò. Kí n tó mọ̀, mo ti wálẹ̀ ní mítà 4, etí òsì mi dún gbì, ó sì dùn mí wọ ọpọlọ. Mo tú bọ́tìnnì, mo fi ẹsẹ̀ gòkè díẹ̀, mo fún imú, ó tú. Fún ọjọ́ méjì, mo ń gbọ́ ohùn ara mi bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Látìgbà yẹn, n kì í tẹ bọ́tìnnì nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la bá ọkọ̀ lọ sí Copenhagen. Mo fi ìka kan irin rẹ̀, eèsún omi àti iyùn ti bo gbogbo rẹ̀. Ẹja kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. A yí i po lẹ́ẹ̀méjì, ìyàwó mi níwájú, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká gòkè, a mọ̀ọ́mọ̀ pa tèmi, mo so ó mọ́ ìbàdí, mo di irin ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó sì fà mí padà dé ìdí okùn ọkọ̀. Kò yára, àmọ́ a dé. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa láìdi irin mú.

A ti pinnu. A ò ní ra nǹkan kan ní ọdún yìí. A óò máa háyà lóṣooṣù, a óò sì máa tọ́jú owó títí yóò fi tó méjì. Mo ti rí àlòkù méjì tí ẹnì kan fẹ́ tà, oníbátìrì dírílì. Kí ni kí n wò?

Yèyé Òkun

Ẹ wo òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun. Ẹ ní kí ẹni yẹn ṣí i níṣojú yín. Ẹ yọ rọ́bà náà, ẹ fi ìka nù ún yíká, ẹ wo ihò tó ń jókòó sí bóyá ó ti họ tàbí yanrìn wà níbẹ̀. Mo pàdánù èyí tí mo kọ́kọ́ rà nítorí irun kan ṣoṣo, irun orí mi, tó ká sórí rọ́bà yẹn bí òwú. Omi wọlé díẹ̀díẹ̀, n ò mọ̀ títí fáànù fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Nígbà tí mo ṣí i, omi aláwọ̀ eérú ló dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Ẹ gbóòórùn inú rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí irin tó jóná, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ẹnu irin bátìrì bóyá àwọ̀ ewé ti yọ lára rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì nígbà ogún, kí ẹ tú u nígbà ogún. Fáànù gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀ ní gbogbo ogún. Èyí tó bá lọ́ra láti dúró lẹ́ẹ̀kan, ẹ má gbà á, kódà kó fún yín ní ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ gbé e wọ omi láìfi bátìrì sí i, kó wà ní mítà 10 fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá ṣí i.

Ìyàwó Ará Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun, Yèyé. Sátidé la fẹ́ lọ wò ó, ní Pompano yín níbẹ̀. Ṣé ẹ máa ráyè bá wa lọ? Màá gbé àkàrà dání, àsíá náà á sì wà nínú mọ́tò.

Yèyé Òkun

Aago méje àárọ̀. Ẹ gbé gíríìsì silikóònù tí a fi ń pa òrùka rọ́bà dání pẹ̀lú, tèmi ti tán.